Kálísíọ̀mù inú ìgò, kálísíọ̀mù inú abọ́: èsì fún ìyá tó ń bẹ̀rù nítorí ọkàn rẹ̀

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 61 ni mí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Orúnkún ń dà mí láàmú, pàápàá tí mo bá fẹ́ dìde lórí ìjókòó tàbí tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn. Ọmọ mi tó wà ní London fi ìgò kálísíọ̀mù mẹ́ta ránṣẹ́, ó ní kí n máa lo hóró méjì lójúmọ́ kí egungun mi lè le. Mo ti lò ó fún oṣù mẹ́jọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kan sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa pé kálísíọ̀mù oníhóró máa ń di òkúta sínú iṣan ọkàn, pé òun ló ń pa àwọn àgbà lójijì. Àyà mi já, mo pa á tì. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Amlodipine àti hydrochlorothiazide ni mò ń lò. Oúnjẹ mi ò ju ògì tàbí búrẹ́dì láàárọ̀, àmàlà àti ewédú lọ́sàn-án, ìrẹsì tàbí iṣu lálẹ́. Mílíìkì máa ń da inú mi rú. Ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n sọ? Ọmọ mi kejì sì lóyún oṣù márùn-ún. Ṣé kí n fún un ní èyí tó kù?

Ìdáhùn

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú orúnkún. Onímọ̀ oúnjẹ ni mí ní ilé ìwòsàn, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jókòó ti àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ẹnì kan ò bi mí ní irú ìbéèrè yín yìí, ọ̀sẹ̀ kejì ò ní ṣàì mú un wá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé sórí WhatsApp yẹn ní orísun. Kì í ṣe irọ́ tí ẹnì kan jókòó pa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gé orí rẹ̀, wọ́n ti gé ìrù rẹ̀, ẹ̀rù nìkan ló kù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó kàn yín gan-an. Kálísíọ̀mù tó wà nínú oúnjẹ kì í bá ọkàn jà. Èyí tí a ń gbé mì ní hóró ni àwọn onímọ̀ ń ṣe àríyànjiyàn lé lórí, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀. Orúnkún tó ń dùn yín, kì í ṣe kálísíọ̀mù ló ń wá. Ẹ má sì tíì padà sídìí hóró méjì yẹn títí tí wọ́n á fi yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, nítorí hydrochlorothiazide tí ẹ ń lò. Màá ṣàlàyé wọn.

Àgbàlagbà kan ń gbé tó kílò kan kálísíọ̀mù kiri nínú ara. Ìdá 99 nínú 100 rẹ̀ wà nínú egungun àti eyín. Ìdá kan tó kù, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, ló ń jẹ́ kí ọkàn lù, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣeé gbé, kí ẹ̀jẹ̀ dá nígbà tí ọ̀bẹ bá gé wa lọ́wọ́. Ìdá kan yìí ni ara kì í fi ṣeré. Kókó kéékèèké mẹ́rin wà ní ọrùn wa, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju hóró ìrẹsì lọ, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Bó bá ti fẹ́ dín kù báyìí, wọ́n á ránṣẹ́ sí egungun pé kó tú díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní kí kíndìnrín má da tọwọ́ rẹ̀ nù mọ́ ìtọ̀, wọ́n á sì ta fítámì D jí kí ìfun lè fa púpọ̀ sí i nínú oúnjẹ. Egungun ni àká ara. Ẹni tí kò bá rí kálísíọ̀mù jẹ lẹ́nu, àká ló ń jẹ. Nígbà tí nǹkan oṣù obìnrin bá sì ti dáwọ́ dúró, ilẹ̀kùn àká yẹn kì í tì dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí egungun àwọn ìyá fi ń tètè ṣẹ́ ju ti àwọn bàbá lọ. Nítorí náà, ọmọ yín kò ṣìwà hù. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é, ohun tó sì ń rò nípa egungun ní ìdí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yapa ni ọ̀nà tí kálísíọ̀mù gbà wọlé. Ká ní ẹ jẹ àmàlà pẹ̀lú ewédú àti ṣawá tí ẹ rún tegungun-tegungun. Kálísíọ̀mù tó wà níbẹ̀ ti wé mọ́ ẹran ẹja, mọ́ ọ̀rá, mọ́ ewé. Inú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń wọ ẹ̀jẹ̀, bí òjò wẹ́wẹ́ tó ń rin ilẹ̀. Ẹ wá gbé hóró kan tó ní 600 mílígíráàmù mì: ó dé lẹ́ẹ̀kan náà. Iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ á gòkè díẹ̀. Kì í sábà kọjá ààlà tí wọ́n ń kọ sínú èsì àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n á wà lókè fún wákàtí mélòó kan kó tó sọ̀ kalẹ̀. Èrò àwọn tó ń kọminú sí hóró ni pé gígòkè yìí, lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kó sì mú kí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ le.

Ní New Zealand ni ariwo náà ti gbilẹ̀. Mark Bolland, Ian Reid àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Auckland kó obìnrin 1,471 tí nǹkan oṣù wọn ti dúró jọ. Wọ́n fún apá kan ní 1,000 mílígíráàmù kálísíọ̀mù lójúmọ́, wọ́n fún apá kejì ní hóró tó jọ ọ́ tí oògùn kankan kò sí nínú rẹ̀, fún ọdún 5. Egungun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ èsì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ ní 2008, àwọn tí ìkọlù ọkàn bá pọ̀ nínú àwọn tó ń gba kálísíọ̀mù ju nínú àwọn yòókù lọ. Ní 2010 wọ́n kó ìwádìí 11 pọ̀, tó kó nǹkan bí 12,000 ènìyàn sínú, níbi tí wọ́n ti fún àwọn ènìyàn ní kálísíọ̀mù láì fi fítámì D kún un. Ewu ìkọlù ọkàn fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ga láàárín àwọn tó ń lò ó.

Níbí yìí ni WhatsApp ti ṣì yín lọ́nà, Màmá. Ìdá 30 yẹn kò túmọ̀ sí pé nínú 100 ènìyàn, 30 ló máa kú. Àwọn olùwádìí náà fúnra wọn ṣírò rẹ̀ báyìí: bí 1,000 ènìyàn bá lo kálísíọ̀mù fún ọdún 5, ìkọlù ọkàn 14 ló máa fi kún èyí tí ì bá wáyé tẹ́lẹ̀, á sì gba egungun 26 lọ́wọ́ ṣíṣẹ́. Iye kékeré ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí ìkọlù ọkàn kan kì í ṣe ẹgbẹ́ egungun ọrùn-ọwọ́ tó ṣẹ́.

Àwọn mìíràn kò gbà fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ṣe ìwádìí ńlá kan tí obìnrin 36,282 wà nínú rẹ̀, 1,000 mílígíráàmù kálísíọ̀mù pẹ̀lú fítámì D fún ọdún 7, èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007 sì fi hàn pé ìkọlù ọkàn kò pọ̀ sí i. Ohun tó pọ̀ sí i níbẹ̀ ni òkúta inú kíndìnrín, ìdá 17 nínú 100. Bolland àti àwọn tirẹ̀ tún èsì yẹn yẹ̀ wò ní 2011. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ti ń ra kálísíọ̀mù lò fúnra wọn kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, pé tí a bá yọ àwọn wọ̀nyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ewu náà á tún fojú hàn. Ní 2016, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ egungun àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń dènà àrùn ọkàn ní Amẹ́ríkà jọ sọ ọ́ papọ̀ pé fún ẹni tí ara rẹ̀ le, kálísíọ̀mù tí kò bá kọjá 2,000 sí 2,500 mílígíráàmù lójúmọ́, ì báà jẹ́ ti oúnjẹ tàbí ti hóró, kò ṣe ọkàn ní rere, kò ṣe é níbi.

Ìwádìí tó yí èmi lọ́kàn padà jù ni ti àwọn onímọ̀ Johns Hopkins, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2016 yẹn kan náà. Fún ọdún 10 ni wọ́n fi ń tọ́pa àwọn ènìyàn tó lé ní 2,700, aláwọ̀ dúdú wà lára wọn, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ya àwòrán iṣan ọkàn wọn. Àwọn tí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ àti ti hóró wọn lápapọ̀ pọ̀ jù kò tètè ní kálísíọ̀mù nínú iṣan ọkàn bí àwọn tí tiwọn kéré jù. Ewu tiwọn fi ìdá 27 nínú 100 kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo àwọn tó ń lo hóró lọ́tọ̀, ewu tiwọn fi ìdá 22 ga. Ohun kan náà tó jẹ́ pé nígbà tó gba inú abọ́ wá, ó dà bí ẹni pé ó ń dáàbò bo ni, nígbà tó gba inú ìgò wá, ó mú ìbéèrè lọ́wọ́. Lóòótọ́, ìṣọ́ni ni ìwádìí yìí, kì í ṣe ìdánwò: wọ́n kàn ń wo ohun tí àwọn ènìyàn ń lò fúnra wọn ni, wọn ò pín hóró fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ra hóró lè ti ní àìsàn tó mú un rà á. Síbẹ̀, gbogbo ìwádìí wọ̀nyí, èyí tó ń bẹ̀rù àti èyí tí kò bẹ̀rù, kò sí ọ̀kan tó ní kí ènìyàn sá fún kálísíọ̀mù inú oúnjẹ. Ibi tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan ni mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Oúnjẹ ni kó ṣáájú. Hóró wà fún àlàfo tí oúnjẹ kò lè dí, fún ẹni tí àlàfo wà fún nítòótọ́.

Òkúta inú iṣan tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín yẹn, ó wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kálísíọ̀mù tí ẹ jẹ ló kàn lọ dì síbẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń dì sí ìdí ìkòkò. Ògiri iṣan náà ló ń kọ́kọ́ gbọgbẹ́: ẹ̀jẹ̀ ríru ń nà án lójoojúmọ́, àtọ̀gbẹ, sìgá àti ọ̀rá tó pọ̀ jù ń bá a jà. Ọ̀rá á wọ ojú ọgbẹ́, ibẹ̀ á wú, tó bá pẹ́ títí, kálísíọ̀mù á bò ó bí èépá ṣe ń bo egbò. Ẹni tó bá fẹ́ kí èépá má sí, egbò ni kó dènà. Fún yín, Màmá, egbò yẹn ń jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn tí kíndìnrín wọn ti ń kùnà nìkan ni ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀ gan-an, nítorí kíndìnrín tó ti rẹ̀ kò lè da àpọ̀jù nù mọ́. Wọn ò gbọdọ̀ fi ara wọn lo kálísíọ̀mù láéláé láìjẹ́ pé dókítà kíndìnrín wọn sọ pé kí wọ́n lò ó.

Ó kan orúnkún. Tí ẹ bá já itan adìẹ kúrò lára ojúgun rẹ̀, ẹ máa rí ohun funfun kan tó ń dán lórí eegun náà, tó ń yọ̀ lọ́wọ́. Irú rẹ̀ wà nínú orúnkún yín. Òun ló ń jẹ́ kí egungun méjì máa yí lórí ara wọn láì ha ara wọn. Ọjọ́ orí, ìwọ̀n ara, àti ọdún gbọọrọ tí ẹ fi dúró níwájú kíláàsì, gbogbo wọn ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kálísíọ̀mù kì í kọ́ ohun yìí padà. Ilé egungun ló ń kọ́, kì í ṣe ohun tó bo orí egungun. Àwọn kan ń pè é ní làkúrègbé, tí wọ́n á sì máa da kálísíọ̀mù mu bí ẹni ń da omi sí ẹ̀rọ tí epo ló gbẹ nínú rẹ̀. Egungun tó ti fúyẹ́ kì í tilẹ̀ dun ni. Ó dákẹ́ ni, títí di ọjọ́ tí ènìyàn á yọ̀ ní balùwẹ̀ tí ìbàdí á ṣẹ́.

Ohun tó ń ran irú orúnkún yín lọ́wọ́ ni ẹran itan tó lágbára àti ara tó fúyẹ́. Ẹ jókòó sórí àga tó le, kí ẹ̀yìn yín kan ẹ̀yìn àga. Ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú gbọọrọ títí ẹran itan á fi le bí òkúta, ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá, ẹ wá sọ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ ṣe é nígbà 10 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò ní tu yín lára lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má jáwọ́. Láti oṣù kejì ni ẹ máa mọ̀ pé dídìde lórí ìjókòó ti yàtọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan wà tí ẹ kò kọ, ṣùgbọ́n tí mo gbọ́dọ̀ béèrè: kí ni ẹ ń lò nígbà tí orúnkún bá le? Tó bá jẹ́ oògùn ìrora bíi diclofenac tàbí ibuprofen ni ẹ ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn lójú títì, òun ni mo bẹ̀rù fún ọkàn yín ju kálísíọ̀mù lọ. Wọ́n ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n ń pa agbára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ń ṣe kíndìnrín ní jàǹbá, wọ́n sì ń mú ewu ìkọlù ọkàn pọ̀ sí i. Lórí èyí, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ sọ fún dókítà yín kó yan èyí tó yẹ yín.

Ẹ wá lọ gbé ìgò náà. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, ẹ fi awò ojú sí i, kí ẹ wo àpótí kékeré tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ. Kọ́kọ́ wo iye hóró tí wọ́n fi ṣírò: nínú àwọn ìgò kan, iye tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú jẹ́ ti hóró kan, nínú òmíràn ti hóró méjì ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wo irú rẹ̀. Tó bá jẹ́ calcium carbonate 1,500 mílígíráàmù, kì í ṣe kálísíọ̀mù 1,500 ni ẹ ń gbé mì. Ìdá 40 nínú 100 rẹ̀ ni kálísíọ̀mù gan-an, 600 ni ìyẹn. Ti calcium citrate, ìdá 21 ni. Tí hóró yín bá jẹ́ 600 kọ̀ọ̀kan, méjì lójúmọ́ jẹ́ 1,200 kí ẹ tó jẹ oúnjẹ kankan rárá. Ìjọba Bìrìtìkó ní ìlú tí ọmọ yín wà sọ pé 700 lójúmọ́ tó fún àgbà, oúnjẹ gbogbo wà nínú rẹ̀. Amẹ́ríkà ní 1,200 fún obìnrin tó ti kọjá ọdún 50, ṣùgbọ́n oúnjẹ wà nínú ìyẹn náà, wọn ò sì fẹ́ kó kọjá 2,000. Ìfun kì í sì í fà á dáadáa tó bá ju 500 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyókù á máa di inú ni, ṣé ìgbẹ́ yín kò le láti oṣù mẹ́jọ yìí?

Hydrochlorothiazide ni mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ ni, ṣùgbọ́n bó ṣe ń da omi àti iyọ̀ nù, kálísíọ̀mù ló ń dá padà sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ẹ bá wá fi 1,200 àti fítámì D lé e, àpọ̀jù lè wà nínú ẹ̀jẹ̀. Òùngbẹ tí kì í lọ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, inú tó le, àárẹ̀, kí iyè máa ra ni: àwọn àmì rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró o! Kálísíọ̀mù ni ẹ ti dá dúró, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí dókítà yín á fi yẹ kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ àti iṣẹ́ kíndìnrín yín wò. Àyẹ̀wò kékeré ni, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá.

Ti amlodipine, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ń pè é ní oògùn tó ń dí ọ̀nà kálísíọ̀mù, àwọn kan sì ti sọ fún mi pé nítorí ẹ̀ ni àwọn ò ṣe jẹ ẹja eléegun mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tín-tìn-tín tó wà lára ẹran ògiri iṣan ni oògùn yẹn ń tì, kí iṣan lè dẹ̀. Kò bá oúnjẹ yín wí nǹkan kan.

Mo ṣírò oúnjẹ tí ẹ kọ. Ewédú ló gbé ọjọ́ yín ró: abọ́ kan tó kún dáadáa lè ní nǹkan bí 100 mílígíráàmù. Ògì, búrẹ́dì, àmàlà, ìrẹsì àti iṣu, gbogbo wọn pọ̀ kò mú púpọ̀ wá. Tí mo bá fi ọwọ́ tó lawọ́ ṣírò rẹ̀, ó tó nǹkan bí 300. Ìdajì ohun tí Bìrìtìkó ní kó jẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Nítorí náà àlàfo wà lóòótọ́, Màmá, ọmọ yín rí i láti òkèèrè. Kì í ṣe ilé yín nìkan. Àwọn onímọ̀ tó wo àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ọrun, ní Jos àti ní Ilé-Ifẹ̀, rí i pé oòrùn kọ́ ni wọ́n ṣaláìní. Nínú ìwádìí ti Jos tó jáde ní 1999, kálísíọ̀mù tí àwọn ọmọ náà ń rí jẹ kò ju nǹkan bí 200 mílígíráàmù lọ lójúmọ́, kálísíọ̀mù ló sì wò wọ́n sàn ju fítámì D nìkan lọ.

Inú tí mílíìkì ń dà rú kì í ṣe àrùn. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di mínísítà ètò ìlera, wà lára àwọn tó tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lórí bí inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà ṣe ń da ṣúgà inú mílíìkì. Púpọ̀ jù lọ nínú àgbà Yorùbá ni inú wọn kò lè dà á. Àwọn Fúlàní, tó ti ń da màlúù láti ìrandíran, lè dà á jù wá lọ. Ṣùgbọ́n wàrà tí àwọn Fúlàní ń fi ewé bọmubọmu dì yàtọ̀, nítorí púpọ̀ nínú ṣúgà yẹn ti bá omi rẹ̀ ṣàn lọ. Yúgọ́ọ̀tì kíkan náà rọrùn fún inú, kòkòrò inú rẹ̀ ti bá wa jẹ lára ṣúgà náà. Ẹ ra wàrà tútù láàárọ̀, ẹ bọ̀ ọ́ dáadáa nínú omi tí kò ní iyọ̀ púpọ̀, kí ẹ fi sínú ọbẹ̀ dípò ẹran lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ má dín in. Epo ló máa ń mu.

Ẹja ni mo fẹ́ràn jù fún yín, èyí tó ṣeé jẹ teegun-teegun. Agolo sáàdìnì kan tí ẹ rún eegun rẹ̀ mọ́ ọn ní tó 300 mílígíráàmù. Ṣawá tí wọ́n yan títí eegun rẹ̀ fi rọ̀, ẹja wẹẹrẹ gbígbẹ tí ẹ gún tí ẹ dà sínú ewédú, edé, gbogbo wọn dára. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan iyọ̀ kúrò lára èyí tó bá ní iyọ̀. Yànmọ̀tí náà wà: tí ẹ bá yan án tí ẹ lọ̀ ọ́ teèpo-teèpo, ṣíbí ìjẹun kan nínú ògì á mú nǹkan bí 80 wá. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre dára fún ara, ẹ máa jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé wọn fún kálísíọ̀mù. Ohun kan wà nínú wọn tó dì í mú, tí kì í jẹ́ kí ìfun rí púpọ̀ fà.

Pẹ̀lú ẹja eléegun kan, ewédú, yànmọ̀tí àti wàrà tàbí ife yúgọ́ọ̀tì kan, ẹ ti kọjá 600, ẹ sì lè dé 700 láì ṣí ìgò. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín bá dára, tí dókítà sì gbà, hóró kan péré ní ọjọ́ tí oúnjẹ bá tín-ín-rín, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, ni èmi yóò fọwọ́ sí. Kì í ṣe méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń jáde sínú oòrùn Ìbàdàn kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro fítámì D. Ọmọ yín tó wà ní London, tí awọ rẹ̀ dúdú tí oòrùn ibẹ̀ kò sì lágbára, òun gan-an ló yẹ kó béèrè tirẹ̀ lọ́wọ́ dókítà.

Iyọ̀ ń kọ́? Òun ló ń ba ìhà méjèèjì jẹ́. Ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń fa kálísíọ̀mù jáde mọ́ ìtọ̀. Ẹ yọ ìdajì àwọn kúúbù tí ẹ ń fọ́ sínú ọbẹ̀ kúrò. Edé àti ẹja gbígbẹ á gbé adùn rẹ̀. Tí àyà bá sì wúwo bí ẹni gbé odó lé e, tó ń lọ sí apá tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí òógùn tútù ń bo yín, ẹ má dúró de àárọ̀, ilé ìwòsàn ni.

Ọmọ yín tó lóyún, tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, ìdí nìyẹn tí mo fi pa á mọ́ dé ìgbẹ̀yìn. Ní ibi tí àwọn obìnrin kì í ti rí kálísíọ̀mù tó pọ̀ jẹ, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aláboyún máa lo 1,500 sí 2,000 mílígíráàmù lójúmọ́, nítorí ó ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún kù, èyí tó ń fa gìrì aláboyún. Gìrì yẹn ti pa ọ̀pọ̀ ìyá ní ilẹ̀ wa. Mi ò fẹ́ kí ìbẹ̀rù tó wá láti orí fóònù gba oògùn yìí lọ́wọ́ aboyún kankan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Íńdíà àti Tàǹsáníà, tó jáde ní 2024, tún fi hàn pé 500 ṣe dáadáa bí 1,500 nínú dídènà ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún yẹn, ìròyìn ayọ̀ ni fún ẹni tí hóró ńláńlá ń sú. Àmọ́ ẹ má kàn bù ú fún un nílé. Kí ó mú ìgò náà lọ́wọ́ ní ọjọ́ tó bá tún ń lọ ṣe àyẹ̀wò oyún, kí nọ́ọ̀sì ka ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sọ iye tí yóò máa lò. Kí ó má gbé e mì pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ tí irin wà nínú rẹ̀, nítorí kálísíọ̀mù kì í jẹ́ kí irin wọlé dáadáa: kí ó lo ti ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, kí ó fi kálísíọ̀mù sí ẹ̀yìn oúnjẹ alẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú káàdì rẹ̀.